Tẹ́tẹ́ Ti Wọ Fóònù, Òfin Ṣì Wà Nídìí Púùlù

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, adájọ́ méje jókòó ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Àbújá, ohùn wọn sì ṣọ̀kan pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò láṣẹ láti ṣòfin lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ fún ìpínlẹ̀ kankan. Adájọ́ Mohammed Idris ló kọ ìdájọ́ náà. Òfin Lọ́tìrì ti ọdún 2005, tí ìjọba àpapọ̀ fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ káàkiri, di ohun tí agbára rẹ̀ kò lè kọjá Àbújá mọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ló pe ẹjọ́ náà, Èkìtì dara pọ̀ mọ́ ọn, nígbà tó sì yá, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fa àwọn ìpínlẹ̀ 34 tó kù wọ inú rẹ̀. Inú àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ dùn, ó sì yẹ kó dùn, nítorí owó ńlá ló padà sọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àríyànjiyàn tó ti ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan wà tí a kò rí kí ẹnikẹ́ni fi síwájú: ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ gan-an ńkọ́? Kí ni òfin ń ṣe fún un?

Ọdún 2008 ni wọ́n pe ẹjọ́ yìí. Ẹ ro ọdún 16 yẹn wò. Nígbà tí àwọn lọ́yà ń kọ̀wé ẹjọ́, fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kò ju èyí tá a fi ń pe èèyàn, tá a sì fi ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2009, ni Akin Alabi dá NairaBet sílẹ̀. Ní 2013, Bet9ja dé. Kí ẹjọ́ tó dójú ìdájọ́, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ti kún òpópónà láti Múṣin dé Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù pàápàá sì ti ń di ohun àná, nítorí tẹ́tẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ wọ inú fóònù. Ẹjọ́ agbára ni àwọn adájọ́ dá, wọ́n sì dá a re. Wọ́n sọ ẹni tó ni àṣẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti sọ ohun tí ẹni tó ni àṣẹ máa fi ṣe. Iṣẹ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tíì fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nílẹ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ṣì ń tẹ̀ lé, ìjọba amúnisìn ló gbé gbòǹgbò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1916. Orí kan wà nínú rẹ̀ tó dá lórí ilé tẹ́tẹ́: ẹni tó ni ilé, ẹni tó ń bójú tó o, ẹni tí ọlọ́pàá bá ká mọ́ ibẹ̀. Ilé gidi ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́, ilé tó ní ilẹ̀kùn tí ọlọ́pàá lè já wọlé. Lẹ́yìn náà ni òfin púùlù dé, nígbà tí ìjọba rí i pé owó wà nídìí rẹ̀. Ní 1977, ìjọba ológun fòfin de ẹ̀rọ kàlòkàlò. Ní 2005, òfin lọ́tìrì tí ilé ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ya jáde. Irú tẹ́tẹ́ tó wà nígbà ayé rẹ̀ ni òfin kọ̀ọ̀kan bá jà, kò sì sí èyí tó bójú wẹ̀yìn wo èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ohun tó bí fún wa nìyí: ọmọkùnrin mẹ́rin tó ń fi káàdì Whot ta owó lẹ́yìn gáréèjì lè sun àgọ́ ọlọ́pàá mọ́jú, kí ẹni tó jókòó tì wọ́n máa fi fóònù ta ìlọ́po mẹ́wàá owó wọn láìsí ẹni tó bi í léèrè. Ọlọ́pàá tó wá kó wọn pàápàá lè ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lápò.

Púùlù ayé ọjọ́un ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta á ra ìwé Bob Morton, á fi ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin wo gémù tó lè jẹ́ ọ̀mì, á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú kúpọ́ọ̀nù, á gbé e fún agẹ́ǹtì kí ọ̀sán Sátidé tó pọ́n, á wá fetí sí rédíò fún èsì nírọ̀lẹ́. Bí bọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó bá wọ ìsinmi, wọ́n á fi ti Ọsirélíà dípò. Bó jẹ, bí kò jẹ, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó lè ta òmíràn. Ìdúró yẹn gan-an ló kó ọ̀pọ̀ ilé yọ. Kò sí aṣòfin tó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ayé ṣe rí nígbà náà ló fi ààlà sí i.

Ààlà yẹn ti wó. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí bọ́ọ̀lù kankan kò sí. Ajá ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri. Kì í ṣe ajá gidi. Kọ̀ǹpútà ló yà wọ́n, kọ̀ǹpútà ló sì ń pinnu èyí tó máa borí. Ìṣẹ́jú díẹ̀, eré-ìje kan ti parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan á na ₦200 gba ojú irin, wọ́n á tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ajá rẹ̀ kò ní í wọlé, á rún tíkẹ́ẹ̀tì jù sílẹ̀, á tún na ₦200. Kó tó di ọ̀sán, bébà ti bo ilẹ̀.

Èyí tó wà lórí fóònù tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gémù tí wọ́n ń pè ní Aviator, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan á gbéra, iye tí wọ́n máa san fún ọ á sì máa gòkè bó ṣe ń gòkè: 1.2, 1.8, 3. Àfi kó o tètè tẹ bọ́tìnì kó tó fò lọ. Bó bá fò lọ ṣáájú ìka rẹ, owó ti bá a lọ nìyẹn, òmíràn sì ti ń gbéra. Bàbá tó ń ta púùlù ń ta ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọmọ rẹ̀ lè ta ogún ìgbà kí omi ẹ̀bà tó hó.

Òru ló wá burú jù. Ṣọ́ọ̀bù a máa tì, fóònù kì í tì. Ní aago méjì òru, kò sí ìyàwó tó jí, kò sí ọ̀rẹ́ nítòsí, kò sí agẹ́ǹtì tó máa sọ pé, “Bọ̀dá, ó tó báyìí, ẹ lọ sùn.” Owó oṣù tó wọlé lálẹ́ lè tán kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù sì wà nítòsí tí wọ́n máa fi òmíràn ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkùnrin tó bá jí láàárọ̀ tí kò ní owó mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, tó tún jẹ gbèsè, kò rú òfin kankan lóru náà. Ilé-iṣẹ́ tó gba owó rẹ̀ náà kò rú òfin kankan.

Ìṣirò kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe fún oníbàárà. Nínú lọ́tìrì tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú, nọ́ńbà 90 ló ń wọ inú ẹ̀rọ, márùn-ún ló ń jáde. (Kessington Adebutu, ọmọ Ìpẹru-Rẹ́mọ tó dá a sílẹ̀, ìdí púùlù ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ ìṣirò.) Ẹni tó bá ta “two sure” á mú nọ́ńbà méjì. Bí méjèèjì bá wọlé, ₦1 á di ₦240, ẹni tó fi ₦100 ta á gba ₦24,000. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì-méjì tó wà nínú nọ́ńbà 90 jẹ́ 4,005, mẹ́wàá péré nínú wọn ló sì ń wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400 ìgbà nìyẹn. Ohun tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ló ń bọ́ sí i nínú 400, 240 ni wọ́n ń san lórí rẹ̀. Bí èèyàn bá ń ta á lọ títí, nínú ₦100 tó bá fi sílẹ̀, nǹkan bí ₦60 ni ìrètí wà pé yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ilé-iṣẹ́ jí owó rẹ̀. Iye tí wọ́n máa san, wọ́n ti sọ ọ́ síta, wọ́n sì ń san án. Ìyókù ìṣirò ni wọn kò sọ, òfin kò sì ní kí wọ́n sọ ọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù náà kò yàtọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń yọ ₦5 péré nínú ₦100 lórí gémù kan, tí èèyàn wá so gémù mẹ́wàá pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ìrètí tó kù fún un lórí ₦100 kò ju ₦60 náà lọ. Ìdí nìyẹn tí bónọ́ọ̀sì fi ń pọ̀ sí i fún ẹni tó bá ń fi gémù kún gémù. Lálẹ́ Sátidé, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé “gémù kan péré ló já tíkẹ́ẹ̀tì mi,” bí ẹni pé Arsenal tàbí Chelsea ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìṣirò ló já a.

Bí ẹ bá wá ka òfin àwọn ìpínlẹ̀, kí ni wọ́n ń bójú tó? Ìwé àṣẹ, owó ìwé àṣẹ, owó ìsọdọ̀tun rẹ̀, ìpín ìjọba, ìtanràn ẹni tí kò bá san. A gbọ́dọ̀ yin Èkó, nítorí òun ló síwájú: òfin tó ṣe ní 2021 kó lọ́tìrì, púùlù, kàsínò àti tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, ó sì ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀ fún ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18. Kódà ní Èkó náà, nígbà tí ọdún 2025 wọlé, ohun tuntun tí atatẹ́tẹ́ rí gbà lọ́wọ́ ìjọba ni pé kí wọ́n máa yọ 5% nínú èrè tó bá jẹ gẹ́gẹ́ bí owó orí. A ò lòdì sí owó orí. Ṣùgbọ́n ìjọba tó bá dúró síbi tí èrè wà láti gba ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ibi tó wà lọ́jọ́ àdánù.

Àbújá ní tirẹ̀ kò tíì gbà fún ìdájọ́. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ tún gbé àbádòfin mìíràn dìde tí wọ́n pè ní Central Gaming Bill. Àlàyé wọn ni pé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ààlà ìpínlẹ̀, nítorí náà abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló yẹ kó wà. Èkó àti àjọ tó kó àwọn alákòóso tẹ́tẹ́ ìpínlẹ̀ jọ sọ pé ohun tí ilé ẹjọ́ gbà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wá kó padà. Ti àwọn ìpínlẹ̀ la gbè. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń gbìyànjú, tí kò bá wá bọ́ sí i, kó tún gbìyànjú níbòmíràn.

Síbẹ̀, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Àbújá tí a ò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ẹni tó ń gbé ní Alágbọ́lé, ilẹ̀ Ògùn ló sùn. Bó bá wọ kórópe dé Berger, ó ti dé Èkó. Bó bá tẹ tẹ́tẹ́ sórí fóònù nígbà tí ọkọ̀ wà láàárín méjèèjì, òfin ìpínlẹ̀ wo ló ń ṣọ́ ọ? Àjọ àwọn alákòóso ìpínlẹ̀ ti wá ọgbọ́n kan sí i: ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ lè fi ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ tó wà nínú àjọ náà. Ó dára, ó fi hàn pé àwọn ìpínlẹ̀ lè fìmọ̀ ṣọ̀kan láìsí pé Àbújá fi pàṣán lé wọn. Ilé-iṣẹ́ nìkan ni ọgbọ́n náà ṣì rọ̀ lọ́rùn ṣáá. Bí ìwé-ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ bá lè bá a kọjá Berger, kí ló dé tí ààbò oníbàárà kò lè bá a kọjá?

Kì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí dé bá. Òfin tí Kẹ́ńyà ṣe ní 1966 ni wọ́n ṣì fi ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ títí di ìgbà tí M-Pesa ti sọ gbogbo fóònù di àpò owó. Ọdún 2025 ni wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bìrìtìkó, tí a ti jogún òfin 1916, ti tún tirẹ̀ ṣe láìmọye ìgbà. Lọ́dún 2019, wọ́n gé iye tí èèyàn lè fi ta lẹ́ẹ̀kan lórí ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù láti £100 sí £2. Ní 2020, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi káàdì ẹ̀yáwó ta tẹ́tẹ́ mọ́. Ní 2025, wọ́n fi £5 ṣe òpin fún kàlòkàlò orí íntánẹ́ẹ̀tì, £2 sì ni fún ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 25. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Premier League, tí àwọn ọmọ wa ń wọ ẹ̀wù wọn lọ sí ilé ìwòran, ti gbà pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kò ní í sí níwájú ẹ̀wù wọn mọ́ bí sáà 2025/26 bá ti parí. Nílẹ̀ wa níbí, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ló ṣe onígbọ̀wọ́ àgbà fún BBNaija ní 2019, tọmọdé tàgbà sì ń wò ó.

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ẹni láti ti ara rẹ̀ mọ́ta. Ọ̀pọ̀ ẹni tí tẹ́tẹ́ ti wọ̀ lára mọ̀ pé ó ti wọ òun lára. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ti pa ápù náà rẹ́ lórí fóònù, kí àwọn tó tún gbé e padà bí owó ṣe wọlé. Ohun tí wọn kò ní ni ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ní Bìrìtìkó, GAMSTOP ni ilẹ̀kùn náà: èèyàn á forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á yan oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún, gbogbo ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá níwèé àṣẹ kò sì gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ títí àsìkò náà á fi pé. Láti 2020, dandan ni fún wọn. Irú rẹ̀ kò le jù fún wa. NIN ti wà, BVN ti wà. Orúkọ kan, ìwé kan, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá á jọ máa lò ó. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣì gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti ti ara rẹ̀ mọ́ta, kí ó dá owó náà padà, kí ó sì san ìtanràn tó máa dùn ún, kì í ṣe èyí tó máa kó sínú ìnáwó ọdún.

Àwọn tó kù ò ṣòro láti sọ. Kí òpin wà fún iye tí ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 25 lè fi ta lórí àwọn gémù aláyára wọ̀nyí, kí àwọn gémù náà sì máa sinmi láàárín òru. Kí iye tó ń padà sọ́wọ́ oníbàárà nínú ₦100 hàn lára tíkẹ́ẹ̀tì àti lójú fóònù, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi tó ti bónọ́ọ̀sì. Ní ti ọmọdé, a mọ̀ pé agẹ́ǹtì inú kíósì kì í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹni tó mú owó dání, nítorí ìdá tó ń gbà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ. Bí òfin bá wá jẹ́ agẹ́ǹtì nìkan níyà, ọmọ mẹ̀kúnnù kan la fi jóná nítorí òmíràn. Ilé-iṣẹ́ tó gbé kíósì náà fún un ló yẹ kó jẹ́jọ́.

Àwọn àlùfáà àti àáfà máa sọ pé kí la tún ń tún tẹ́tẹ́ ṣe fún, ká kúkú fòfin dè é. A bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n gbà gbọ́, ẹni tó bá sì gbọ́ ìwàásù wọn tó jáwọ́ ti ṣe ara rẹ̀ lóore. Ṣùgbọ́n a ti dán ìfòfindè wò rí. Òfin tó de kàlòkàlò ní 1977 kò pa á. Inú yàrá ẹ̀yìn ló lọ, lọ́wọ́ àwọn tó ń fún ọlọ́pàá lówó kọ́fí. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ níbẹ̀ kò níbi tó máa fẹjọ́ sùn.

Ti àwọn onílé-iṣẹ́ ló nílò kí èèyàn fara balẹ̀ dáhùn. Wọ́n ní bí òfin bá ti le jù, àwọn oníbàárà á sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí kò níwèé àṣẹ, tí kì í san owó orí, tó sì lè má sanwó fún ẹni tó bá jẹ. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ibi tí iṣẹ́ gidi wà fún ìjọba àpapọ̀ rèé, tí kò sì ní tako ìdájọ́ ilé ẹjọ́ rárá. Báńkì àpapọ̀ ló lè sọ fún àwọn báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí fóònù pé kí wọ́n má ṣe gbé owó lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn ìpínlẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ló lè ti ojú òpó wọn. Àjọ NIMC ló ni àkọsílẹ̀ NIN. Àbújá ló ni ọ̀nà tí owó àti ìròyìn ń gbà, àwọn ìpínlẹ̀ ló ni tẹ́tẹ́. Bí àwọn aṣòfin àpapọ̀ bá fẹ́ ṣe èèyàn lóore lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n ju àbádòfin ìwé àṣẹ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n wá ṣòfin lórí èyí tó jẹ́ tiwọn.

Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì, a mọ̀ bí òfin tuntun ṣe máa ń pẹ́ tó kí wọ́n tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ dúró de ìyẹn. Ẹni tó ń fúnni níwèé àṣẹ ló ń sọ májẹ̀mú rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí wọ́n máa tún ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ìtìmọ́ta àti iye tó ń padà sọ́wọ́ oníbàárà wà lójú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, ṣáájú ojú ewé tí wọ́n ti ń sọ iye tí ìjọba máa gbà.